Pátákó, Ẹfun àti Pupa Ẹyin: Bí Àlùfáà Ọ̀gá Mi Ṣe Kọ́ Mi Ní Iṣẹ́ Àwòrán Mímọ́

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọ́. Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn ni mo ti gba fíríídọ̀mù, pátákó Bódìjà ni mo sì fi ń jẹun títí mo fi wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Àlùfáà ìjọ Orthodox kan, ìyẹn ìjọ Kristẹni àtijọ́ ti ìlà oòrùn, ará Kípírù, ló ní kí n wá gé pátákó mẹ́fà tí òun máa fi ṣe áíkọ́nì, àwòrán mímọ́ Jésù àti àwọn ẹni mímọ́ tí wọ́n ń yà sórí igi. Nígbà tí mo gbé wọn dé, bàbá náà kò wo ojú wọn, ẹ̀yìn wọn ló kọ́kọ́ yí sókè. Ó fi àtàńpàkò ra ara igi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó wá ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tí mo bá ráyè. Ó di ọdún keje báyìí tí mo ti ń lọ, ọ̀gá mi kejì nìyẹn.

Àwọn ará ilé tó rí iṣẹ́ ọwọ́ mi máa ń béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí ọ̀gá mi ṣe fi hàn mí ni màá ṣe sọ ọ́, mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́. Àmọ́ kí ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé ìdajì iṣẹ́ yìí wà lábẹ́, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní dé mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i tí èèyàn ń kù díẹ̀ káàtó, èmi náà wà lára wọn.

Ìyá mi, tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ìjọ Áńgílíkà, ló kọ́kọ́ bi mí lórí fóònù pé, "Ṣé ère lo wá ń yá báyìí, ọmọ mi?" Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀gá mi. Ó ní ìbéèrè yẹn gan-an ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn Kristẹni fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n fọ́ àwòrán, wọ́n sun ún, wọ́n lé àwọn tó ń ṣe é kúrò nílùú. Ní ọdún 787, àwọn bíṣọ́ọ̀bù pé jọ sí Nísíà, ìlú kan ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Tọ́kì lónìí, wọ́n sì là á mọ́lẹ̀ pé ọlá tí a bù fún àwòrán, ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nínú àwòrán ló ń lọ, àti pé ìsìn jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan. Mo pe ìyá mi padà. Mo ní, "Màmá, tí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí yín, ṣé mo ń sìn yín ni?" Wọ́n ní, "Ká má ri." Mo ní, "Fọ́tò bàbá mi tí ẹ máa ń nù láràárọ̀, tí ẹ máa ń kí i, ṣé gíláàsì lẹ̀ ń kí?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní kí n ṣáà máa gbàdúrà kí n tó fọwọ́ kàn án.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ kò ju gáréèjì kan lọ. Tó bá wọlé, á kọjú sí ìlà oòrùn, á ya àmì àgbélébùú sára, á gbàdúrà, ẹ̀yìn ìyẹn ló ń jókòó. Iṣẹ́ àlùfáà kì í jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ lọ geerege: fóònù á dún pé ẹnì kan ń kú lọ ní ọsibítù, á ju búrọ́ọ̀ṣì sínú omi, á wọ kóòtù, á lọ. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń po àwọ̀ ní díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè àti Fúráìdeè, àwọn ọmọ ìjọ Orthodox kì í jẹ ẹran, wọn kì í jẹ ẹyin, wọn kì í mu wàrà, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àkókò Lẹ́ńtì. Síbẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń fọ́ ẹyin, torí pé pupa rẹ̀ la fi ń po àwọ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ìjọ ń pè ní presvytera, ló máa ń da funfun rẹ̀ sínú ike, á gbé e fún aládùúgbò tó ń ṣe kéèkì.

Ó yá, ká gbé pátákó.

Igi linden, igi ilẹ̀ Yúróòpù kan, ni ọ̀gá mi fẹ́ràn, òun náà ni àwọn ará Rọ́ṣíà ń lò jù. Ó rọ̀, ara rẹ̀ dán, kò ní oje. Ẹ má lo páìnì, oje rẹ̀ á ya sókè lọ́dún mẹ́ta, ọdún mẹ́rin, á sì ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Ẹni tó bá wà nílé lè lo ọ̀gànwó tó gbẹ dáadáa. Arère fúyẹ́, ó funfun, ó rọrùn láti gbẹ́, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Igi yòówù kó jẹ́, kò gbọ́dọ̀ tutù, kò gbọ́dọ̀ ní kókó. Ẹ wo orí pátákó níbi tí ayùn ti gé e: tí ìlà ara igi bá dúró ṣánṣán láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ rà á, tó bá tẹ̀ bí ọrun, òun náà á tẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25 ti tó fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀. Ní ẹ̀yìn, mo máa ń gbẹ́ ojú ọ̀nà méjì ní ìbú, màá ki igi líle pẹlẹbẹ bọ̀ ọ́ kí pátákó má bàa lọ́. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ o! Igi a máa fẹ̀ nígbà òjò, a sì máa sún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹ bá dè é mọ́lẹ̀, á là. Ní ojú pátákó, mo máa ń gbẹ́ àárín wọlé ní mìlímítà méjì, màá fi etí yí i ká. Àwọn ará Rọ́ṣíà ń pe ibi tó wọlé yìí ní kovcheg, ìyẹn àpótí, bí a ṣe ń sọ Àpótí Májẹ̀mú. Inú àpótí yẹn ni ẹni mímọ́ máa dúró sí.

Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ha ojú pátákó síbìí sọ́hùn-ún kí gọ́ọ̀mù lè rí ibi dì mú. Gọ́ọ̀mù tí à ń lò, awọ ehoro ni wọ́n fi ṣe é. Gíráàmù 70 rẹ̀ sínú lítà omi kan, ẹ rẹ ẹ́ di ọjọ́ kejì, á wú bíi gààrí tó mu omi. Ẹ gbé ìkòkò kékeré tó wà nínú rẹ̀ sínú ìkòkò ńlá olómi, kí ẹ fi iná jẹ́jẹ́ yọ́ ọ. Kò gbọ́dọ̀ kọjá 60 dígírì. Tí ẹ kò bá ní ohun tí wọ́n fi ń wọn iná, ẹ ti ìka bọ̀ ọ́: ó yẹ kó gbóná, kó má jó yín. Tó bá ti hó pẹ́nrẹ́n, agbára rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Èmi ti jẹ ìyà yẹn. Pátákó mi àkọ́kọ́, fóònù ni mo ń gbé tí gọ́ọ̀mù fi hó. Mo rò pé kò sí ohun tó ṣe é, mo bá iṣẹ́ lọ. Ihò kéékèèké bí ojú abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ yọ lójú ẹfun tí a fi ń bo pátákó. Mo dí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, igun kan ṣí kúrò lára igi bí ìpẹ́ ẹja, aṣọ tí a tẹ́ sábẹ́ ẹfun tẹ̀ lé e. Ọ̀gá mi kò pariwo mọ́ mi. Ó gbé bàsíà omi gbígbóná àti kànrìnkàn fún mi, ó ní kí n fọ gbogbo rẹ̀ kúrò, torí pé gọ́ọ̀mù ẹran máa ń yọ́ padà nínú omi gbígbóná. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣàn lọ funfun báláú nínú kòtò ìdọ̀tí. Pátákó yẹn kan náà ni mo tún lò, ó sì wà lára ògiri mi lónìí.

Ẹ fi gọ́ọ̀mù kun pátákó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ aṣọ ọ̀gbọ̀ tó ti gbó díẹ̀ sínú gọ́ọ̀mù, ẹ tẹ́ ẹ sójú pátákó, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí títí afẹ́fẹ́ kankan kò fi sí lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ fún un ní odindi ọjọ́ kan.

Ẹfun ló kàn. Ẹfun ni mo ń pè é torí pé bẹ́ẹ̀ ló rí lójú àti lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n lọ̀ kúnná ni. Ẹ fi asẹ́ kù ú díẹ̀díẹ̀ sínú gọ́ọ̀mù lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ rì. Ẹ má rò ó bí ẹni ro àmàlà, afẹ́fẹ́ ni yóò wọ inú rẹ̀. Tó bá ti ki bí ẹ̀kọ mímu, ó tó. Ọwọ́ la fi ń ra ti àkọ́kọ́ wọ inú aṣọ, búrọ́ọ̀ṣì fẹ̀ǹfẹ̀ la fi ń kun èyí tó kù. Ẹ kun ọ̀kan lóòró, ẹ kun ìkejì níbùú, títí yóò fi pé mẹ́jọ sí méjìlá, kí gbogbo rẹ̀ sì parí lọ́jọ́ kan náà. Bí èyí tó wà lábẹ́ bá ti pàdánù dídán tí omi fún un, tí kò sì tíì gbẹ tán, ìgbà yẹn ni kí ẹ kun òmíràn. Ọ̀gá mi kì í wo aago, ẹ̀yìn ìka ló máa ń gbé lé e.

Ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹ mú sáńpépà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Eruku á bo gbogbo ilé, ẹ lo ìbomú. Ẹ máa ha títí ojú rẹ̀ yóò fi dà bí èèpo ẹyin. Èmi máa ń di ojú, màá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án, torí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń mọ ohun tí ìka kò mọ̀.

Nípa àwòrán fúnra rẹ̀, a kì í ṣàdédé ronú ojú kan. A ń wo èyí tí àwọn baba ti ṣe, a ń dà á kọ. Èyí kò dùn mọ́ mi nígbà kan, àfi ìgbà tí mo rántí pé bí mo ṣe kọ́ àga ṣíṣe náà nìyẹn. Ẹ ya á sórí ìwé, ẹ fi erùpẹ̀ pupa ra ẹ̀yìn ìwé náà, ẹ gbé e lé ẹfun, ẹ fi ohun ṣóńṣó tẹ̀ lé gbogbo ìlà. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ha ibi tí wúrà máa parí sí fẹ́ẹ́rẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìlà á sọnù sábẹ́ àwọ̀.

Wúrà máa ń ṣáájú àwọ̀. Ẹ fi gọ́ọ̀mù po amọ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní bole, ẹ kun ún síbi tí òbìrí ìmọ́lẹ̀ máa wà lẹ́yìn orí, ẹ fi aṣọ dán an. Wúrà náà wà nínú ìwé kékeré, ewé 25 nínú ìwé kan, ó fẹ́lẹ́ débi pé èémí imú lásán lè gbé e fò. Mo ní láti di èémí mi kí n tó lè gé e, kí n sì fi búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ gbé e. Ìgbà náà ni ọ̀gá mi tẹ̀ ba lórí pátákó, ó ya ẹnu, ó mí hàà sórí amọ̀. Ojú amọ̀ náà ṣú bíi kùrukùru fún ìṣẹ́jú àáyá kan. "Báyìí," ó wí, mo sì sọ wúrà náà kalẹ̀, ó fò mọ́ amọ̀ kí ó tó kúrò lọ́wọ́ mi. Ooru inú èémí ló jí gọ́ọ̀mù inú amọ̀. Ó ní kí n lọ ka Jẹ́nẹ́sísì orí kejì ẹsẹ keje, bí Ọlọ́run ṣe mí sí erùpẹ̀ tó fi di alààyè. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tíì mí sí amọ̀ rí kí n má rántí. Tó bá ti tó wákàtí díẹ̀, ẹ fi òkúta ágéètì dán wúrà náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní jẹ́jẹ́, ọwọ́ líle ló ń fà á ya.

Ẹ fọ́ ẹyin. Ẹ jẹ́ kí funfun rẹ̀ dà nù láàárín ìka. Pupa rẹ̀ máa kù lọ́wọ́, ẹ máa gbé e láti àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún sí ti òsì, ẹ máa nu ọwọ́ tó bá ṣófo, títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ tí kò fi ní yọ̀ mọ́. Ẹ fi ìka méjì mú awọ rẹ̀ sókè, ẹ gún un lábẹ́, kí ó ṣàn sínú ife, ẹ ju awọ náà nù. Omi tó bá a dọ́gba, ẹ̀kán fínígà díẹ̀ kó má tètè bàjẹ́, ó tán. Nínú fíríìjì, ó lè lo ọjọ́ bíi mélòó kan. Ìgbà tó bá rùn, ẹ mọ̀ pé ó ti kọjá.

Àwọ̀ wà ní lúbúlúbú. Púpọ̀ nínú rẹ̀, erùpẹ̀ ilẹ̀ lásán ni: rúsúrúsú, pupa, àwọ̀ ewé, dúdú. À ń fi omi lọ̀ ọ́ lórí gíláàsì pẹ̀lú ọmọ ọlọ tí wọ́n fi gíláàsì ṣe. Ẹni tó bá ti lọ ata lórí ọlọ rí kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní èyí, ìró rẹ̀ gan-an á sọ fún un pé ó ti kúnná. Àwọ̀ tó jẹ́ omi díẹ̀, ẹyin tó bá a dọ́gba, ẹ pò ó. Àwọn àtijọ́ lo funfun òjé àti pupa cinnabar, tí májèlé wà nínú àwọn méjèèjì. Ẹ má lò wọ́n, funfun titanium ti tó. Ẹ má sì fi ẹnu fa ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì láéláé.

Nínú òkùnkùn la ti ń bọ̀ sínú ìmọ́lẹ̀. Gbogbo ojú àti ọwọ́ la máa kọ́kọ́ fi àwọ̀ dúdú tó rí bí ewé gbígbẹ bò. Proplasmos ni ọ̀gá mi ń pè é. Ẹ̀rù máa ń ba ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i, ó dà bíi pé a ba nǹkan jẹ́. Lórí rẹ̀, a ó fi rúsúrúsú kun iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, igi imú. Lórí ìyẹn, a ó fi funfun díẹ̀ kún rúsúrúsú, kí àyè rẹ̀ kéré sí i. Bẹ́ẹ̀ ni títí yóò fi ku ìlà funfun tín-ín-rín mélòó kan lẹ́bàá ojú. Ẹ má wá òjìji tí ara ń jù sílẹ̀ nínú irú àwòrán yìí, ìmọ́lẹ̀ kò ti ìta wá síbẹ̀.

Kí àwọ̀ náà ṣàn bí wàrà, kí ẹ sì fà á ní ìlà kéékèèké. Ó ń gbẹ kíákíá, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe padà sórí èyí tó ṣì tutù. Búrọ́ọ̀ṣì á ká gbogbo rẹ̀ sókè, ẹ ó sì rí ẹfun tó yọjú bí egbò. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ kúrò nídìí rẹ̀, ẹ lọ jẹun. Ìgbà tó bá gbẹ, ẹ tún un ṣe.

Aṣọ Jésù, pupa nínú, búlúù lóde. Ti Ìyá Olúwa, búlúù nínú, pupa tó ṣú lóde, pẹ̀lú ìràwọ̀ ní iwájú orí àti èjìká méjèèjì.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, kò tíì jẹ́ àwòrán mímọ́ títí ẹ ó fi kọ orúkọ sí i. IC XC, ìkékúrú "Jésù Kristi," fún Jésù, ΜΡ ΘΥ, ìkékúrú "Ìyá Ọlọ́run," fún Ìyá rẹ̀, lédè Gíríìkì níbi gbogbo. Nínú òbìrí ìmọ́lẹ̀ Jésù, Ο ΩΝ, ìyẹn "Ẹni tí ó wà," orúkọ tí Ọlọ́run sọ fún Mósè. Ní ti àwọn ẹni mímọ́ yòókù, oníkálukú ń kọ ọ́ ní èdè rẹ̀. Nígbà tí mo ṣe èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi, mo bi ọ̀gá mi bóyá mo lè kọ ọ́ ní Yorùbá. Ó ní kí ló dé tí n kò ní kọ ọ́? Mo kọ "Jòhánù Mímọ́ Onítẹ̀bọmi," mo sì mú búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù lọ fi àmì ohùn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá náà na ìka sí wọn, ó ní kí ni àwọn ọ̀ṣọ́ kéékèèké yìí. Mo ní, "Bàbá, ọ̀ṣọ́ kọ́." Mo pe igbá, igba àti ìgbà fún un. Ó ní kí n tún un pè. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wá lọ mú àtùpà wá kí n lè ríran dáadáa.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ la ń fi òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀ tí wọ́n sè bò ó. Ẹ dà á lé e, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ máa ra á káàkiri fún wákàtí mélòó kan, tó bá ti ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ nu èyí tó pọ̀jù kúrò. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: aṣọ tí ẹ fi nu òróró yìí lè gbiná fúnra rẹ̀ tí ẹ bá ká a jọ sí kọ̀rọ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ síta. Òróró náà máa ń ṣú bí ọdún ti ń gorí ọdún. Òun ló sọ àwòrán àtijọ́ púpọ̀ di dúdú, tó fi jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ Mẹ́talọ́kan tí Andrei Rublev, mọ́ńkì ayàwòrán ará Rọ́ṣíà, yà, ní 1904, ni àwọn ará Rọ́ṣíà tó rí irú àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ní ti owó, ọ̀gá mi máa ń tọ́ka sí Alypius Mímọ́ ti ilé àwọn mọ́ńkì inú ihò àpáta ní Kyiv, tó kú ní nǹkan bí ọdún 1114. Àlùfáà ni, ayàwòrán sì ni. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ní ó máa ń pín owó rẹ̀ sí: ìdá kan fún ohun èlò iṣẹ́, ìdá kan fún àwọn tálákà, ìdá kan fún ilé àwọn mọ́ńkì. Àpò ìwé mẹ́ta ló wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá mi, mo ti fojú mi rí i. Wọn kì í sábà kọ orúkọ ayàwòrán sí i. Tí ará Gíríìsì bá tiẹ̀ kọ ọ́, "nípa ọwọ́ lágbájá" ló ń kọ.

Ẹ má gbé e kọ́ sókè híità, ẹ má gbé e sí ibi tí oòrùn ti ń tàn sí i tààrà. Nílé, ẹ fi igi kékeré yà á kúrò lára ògiri kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, nítorí ọ̀rinrin àti nítorí ikán. Tó bá ní eruku, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n. Ìyá mi fẹ́ fi aṣọ tútù nù ún bí wọ́n ṣe ń nu fọ́tò bàbá mi; mo tètè fi búrọ́ọ̀ṣì kan ránṣẹ́ sí wọn.